Àlejò tí ó wọ ọkọ̀ ẹyin wá: sáà kìíní Mork & Mindy

Alẹ́ ni, ní ẹ̀yìn ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ọkọ̀ kan tí ó dà bí ẹyin balẹ̀, ọkùnrin kan sì jáde láti inú rẹ̀ tí ó wọ kóòtù ní òdì, ẹ̀yìn kóòtù ni ó wà ní iwájú. Nítorí pé aṣọ náà bo ọrùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́là àwọn àlùfáà, ọ̀dọ́bìnrin tí ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ rò pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó sì fọkàn tán an. Báyìí ni eré àwàdà Mork & Mindy ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ABC ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978. Ní oṣù tí ó kọjá, mo tún wo sáà kìíní rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí àwo DVD tí mo rà ní ìsọ̀ àlòkù, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi sí èyí tí mo rí ní ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà tí mo ń fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dà mí láàmú. Kí ni ká pe Mork ní èdè wa? Bí mo bá pè é ní ará ọ̀run, egúngún ni yóò wá sí ọkàn ẹni tí ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni Mork kì í ṣe òkú tí ó padà wá wo àwọn ọmọ rẹ̀. Bí mo bá pè é ní àjèjì, mo ti fi ìfura lé e lórí kí ó tó la ẹnu. Òfin Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro yìí rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà, alien, ni wọ́n fi ń pe ẹ̀dá tí ó ti pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn wá àti ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wọ báàlù wá. Àbúrò bàbá mi tí ó dé ibí ní ọdún 1984 ṣì tọ́jú káàdì àkọ́kọ́ tí ìjọba fún un, RESIDENT ALIEN ni wọ́n kọ gàdàgbà sí orí rẹ̀. Ní tèmi, àlejò ni n ó máa pe Mork, nítorí pé ipò àlejò ni eré náà fi í sí: ilé onílé ni ó ń gbé, òkè àjà ni ó ń sùn, ẹnìkan sì wà ní ibi tí ó ti wá tí ó ń retí ìròyìn rẹ̀.

Ọmọdé ni ó bí èrò eré yìí. Ọmọkùnrin Garry Marshall, ẹni tí fíìmù Star Wars ti gbà lọ́kàn, ni ó fẹ́ kí ẹ̀dá ojú sánmà kan yọ nínú Happy Days, eré bàbá rẹ̀ tí ó dá lórí ìdílé kan ní Milwaukee ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n wá òṣèré kiri. Nígbà tí wọ́n ní kí Robin Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ní àwọn ilé àwàdà California, wá jókòó, orí ni ó fi jókòó lórí àga, iṣẹ́ sì di tirẹ̀. Apá yẹn jáde ní oṣù Kejì ọdún 1978. Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, Marshall pẹ̀lú Dale McRaven àti Joe Glauberg ti kọ́ odidi eré yí Mork ká, Williams sì jẹ́ ẹni ọdún 27. Wọ́n kó Fonzie àti Laverne láti inú àwọn eré Marshall mìíràn wọ inú apá àkọ́kọ́, èyí tí mo kà sí ìpolówó ọjà lásán.

Òfin Ork, pílánẹ́ẹ̀tì Mork, kò le yé: kò sí ẹ̀rín, kò sí ẹkún, kò sí ìfẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe àwàdà níbẹ̀ ti di ìṣòro. Mork ń ṣe àwàdà, ó tilẹ̀ ń fi sísanra ọ̀gá rẹ̀ Orson ṣe yẹ̀yẹ́, Orson sì rán an wá sí ayé wa láti máa wo ìwà àwọn ènìyàn, kí òun náà lè sinmi. Ìkíni kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nanu nanu, ẹni tí ó bá sì dàgbà láàárín ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn àti ẹ kú àtijọ́ yóò ti mọ̀ láti ibẹ̀ bí ayé wọn ṣe gbẹ tó. Ìka ni Mork fi ń mu omi. Nígbà tí ó rí ẹyin adìẹ, ó rò pé ọmọ ẹ̀dá tí wọ́n há mọ́ ni, ó sì ju ọ̀kan sókè pé kí ó fò lọ, kí ó gba òmìnira. Ẹyin já lulẹ̀, ó fọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dákẹ́, mo rí i pé kò sí ìwà òmùgọ̀ kankan nínú ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó wọ ẹyin rìnrìn àjò gba àárín ìràwọ̀ kọjá ní ẹ̀tọ́ láti gbà pé ẹyin lè fò. Ìmọ̀ ilé rẹ̀ ni ó ń lò ní ibi tí ìmọ̀ náà kò ti wúlò, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti ṣí kúrò ní ìlú rẹ̀ rí ti fọ́ ẹyin bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Mindy McConnell, tí Pam Dawber ṣe, gba Mork sí ilé. Bàbá rẹ̀, Frederick, tí ó ní ilé ìtajà orin, kò lè fara mọ́ ọn pé ọkùnrin kan ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin òun láìsí ìgbéyàwó, mo sì jẹ́wọ́ pé bàbá Yorùbá tí ó wà nínú mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Cora, ìyá ìyá Mindy, ni ó fẹ́ràn àlejò náà. Ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Eugene sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Exidor wà, tí Robert Donner ṣe, wòlíì tí ó ń darí ìjọ kan tí ẹlòmíràn kò rí ọmọ ìjọ kankan nínú rẹ̀. Exidor ríran rí i pé ayé mìíràn ni Mork ti wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba wèrè gbọ́? Wọ́n rọra fi àwàdà yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kò sì pariwo lé e lórí.

Ohun tí ó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ìparí apá kọ̀ọ̀kan. Mork yóò wọ aṣọ pupa rẹ̀ tí ó ní àmì fàdákà láyà, yóò dúró nínú òkùnkùn, yóò pe Orson, yóò sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. A kì í rí Orson, ohùn rẹ̀ nìkan, tí Ralph James sọ, ni a ń gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń ra káàdì ìpè ní ìsọ̀ àwọn ará Áfíríkà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo sì ń pe bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í béèrè owó. Ohun tí ó máa ń béèrè ni pé, "Kí lo tún rí níbẹ̀?" Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n máa pe ọ̀gá mi ní orúkọ àbísọ rẹ̀, pé wọ́n ń jẹun lórí ìrìn, àti pé ọkùnrin tí ó ń gbé ní iwájú wa mọ orúkọ gbogbo ajá àdúgbò ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ẹni tí ó pín ògiri pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá mi yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò ní, "Ṣé àgbàlagbà ni ọ̀gá yẹn?" Bí mo bá ti ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó jù yín lọ," ẹ̀rín ni yóò gba ìṣẹ́jú tí ó kù nínú káàdì náà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, òtítọ́ sì ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, àlejò a máa rí ohun tí onílé kò rí mọ́, nítorí pé òun ni yóò ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìròyìn tí Mork ń mú lọ bá Orson ni ó sọ sáà kìíní di ohun tí ó ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdánìkanwà fún ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ ẹgbẹ́. Nínú apá kan, ọ̀rẹ́ Cora kú, ìyá àgbà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀ bí ẹni tí àkókò rẹ̀ ti tán. Mork kò wàásù fún un, ẹ̀rọ kan láti Ork ni ó fi sọ ara rẹ̀ di arúgbó, ó sì lọ di ọ̀gbà rẹ̀. Williams, ẹni ọdún 27, tẹ ẹ̀yìn, ó fa ohùn wálẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ rẹ̀. N kò mọ òṣèré mìíràn tí ó lè ṣe èyí nínú eré tí a fi ń pani lẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé ó fi arúgbó ṣẹ̀sín. Apá tí Mindy ti fi ẹnu ko Mork lẹ́nu, tí gbogbo ìmọ̀lára tí wọ́n ti dè mọ́ inú rẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ni àwọn ènìyàn máa ń yìn jù. Ó dára, ṣùgbọ́n ti Cora ni mo tún wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí Williams ń sọ láti orí ara rẹ̀, tí kò sí nínú ìwé eré, pọ̀ débi pé wọ́n fi kámẹ́rà kẹrin kún mẹ́ta tí ó jẹ́ àṣà irú eré bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan lè máa tẹ̀ lé e káàkiri. Ó gba ẹ̀bùn Golden Globe ní ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ẹ wo Pam Dawber dáadáa. Onílù tí ó di ìlù mú ni, tí kò bá sí níbẹ̀, ijó ọkùnrin yẹn ìbá di gìrì. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró jẹ́ẹ́, a kò sì yìn ín tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà tí àwọn eléré alárìnjó ṣe eré ní iwájú Aláàfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan nínú wọn yọ jáde bí òyìnbó: ó funfun bí ìda, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ilẹ̀ ń gún un. Àwọn ará ìlú ń sọ fún Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa. Onílé ni ó ń sín àlejò jẹ níbẹ̀, ní ìṣojú àlejò. Àwọn ará Amẹ́ríkà, ní ọdún 1978, dá àlejò kan sílẹ̀ kí ó lè máa bá wọn wo ara wọn, ọ̀nà méjèèjì sì jọ mí lójú.

Sáà kìíní yẹn ni ó gba ipò kẹta nínú gbogbo ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọdún 1978 sí 1979. Ohun tí ABC ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń bí mi nínú. Wọ́n gbé e kúrò ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ sí alẹ́ ọjọ́ Àìkú, níbi tí Archie Bunker's Place, eré àwàdà ti CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó ń bá ABC díje, ti ń dúró dè é. Wọ́n yọ bàbá àti ìyá àgbà kúrò, wọ́n fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí ó ní ilé oúnjẹ rọ́pò wọn, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n rò pé ariwo Mork ni àwọn ènìyàn ń wò, wọn kò mọ̀ pé ilé tí ó gbà á ni. Eré náà já sí ipò 27. Nígbà tí wọn yóò fi dá bàbá àti ìyá àgbà padà ní sáà kẹta, omi ti kọjá. Ní sáà kẹrin, Mork fẹ́ Mindy, ó yé ẹyin, ọmọ tí ó sì jáde nínú ẹyin ni Jonathan Winters, òṣèré tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, nítorí pé arúgbó ni wọ́n ń bí ọmọ ní Ork. Mearth ni wọ́n sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, Babátúndé ni ìbá jẹ́, a kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 1982 ni eré náà parí.

Ilé tí a ń rí nínú eré náà wà ní 1619 Pine Street ní Boulder lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìta rẹ̀ nìkan ni wọ́n yà, ọ̀nà Los Angeles ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí Robin Williams kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, àwọn ènìyàn gbé òdòdó àti àbẹ́là wá sí iwájú ilé náà. Wọ́n mọ̀ pé kò gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n sì tò wọ́n sí ẹ̀bá ọgbà, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì wà ní òkè àjà tí ó ń múra láti ròyìn.