Ìgbà tó dùn jù ni mo pa á: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín gbé alùpùpù eré orí ẹrẹ̀ rẹ̀ dúró níwájú mi, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí tẹ́tẹ́ jẹ fún. Ó ti yọ ìdérí àpótí fílítà, ó ti gbé sàlẹ́ńsà tuntun sí ẹnu páìpù èéfín, ó ti pààrọ̀ rédì tó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú ẹ́ńjìnnì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ké!" Mo ní jẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ihò kékeré tó ń díwọ̀n epo tí kábúrétọ̀ ń pò mọ́ afẹ́fẹ́? Ó ní bó ṣe wà náà ló wà, pé kò kúkú ṣe nǹkan kan. Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jáde lẹ́nu èmi náà ní ọdún 11 sẹ́yìn, písítìn (ẹ̀yà tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì) tó san gbèsè ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí tábìlì mi títí dòní.

Mo fẹ́ to ẹ̀kọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ kó lè rọrùn láti rántí.

Èkíní. Ẹ ti mọ̀ pé páílọ́ọ̀tì jẹ́ẹ̀tì ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́rọ́tù, ibi tí ẹ ń fọwọ́ yí kó lè sáré, bá wà ní pípadé títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, pé abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ló ni àárín, pé méènì jẹ́ẹ̀tì ló ni òkè láti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa ń gbàgbé ni pé tẹ́ ẹ bá la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, ihò jẹ́ẹ̀tì kò bá a fẹ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, epo dúró sójú kan, àdàlù wọn gbẹ, ìyẹn ni pé epo inú rẹ̀ kò tó.

Èkejì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé: jẹ́ẹ̀tì wo, abẹ́rẹ́ wà ní ojú kelòó nínú àwọn ojú tí a fi ń gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Orúkọ kábúrétọ̀ méjì ni Mikuni àti Keihin; nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì Mikuni kì í ṣe nọ́ńbà Keihin o. Ẹni tó bá yá jẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà bára mu, kó kọ́kọ́ wo orúkọ tó wà lára kábúrétọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi adùn díwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kọjá sí ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mi ò mọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ ṣe máa gbà mí gbọ́.

Two-stroke 125 ni alùpùpù mi: 125 ni ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, a sì máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Méènì jẹ́ẹ̀tì 172 ló bá a dé, abẹ́rẹ́ wà ní ojú kẹta. Ọ̀sán gangan ni mo tú u, oòrùn ń ta. Mo yọ ìdérí àpótí, mo gbé páìpù tuntun sí i, mo tì í, ó dáhùn. Nígbà tí mi ò tíì yí tọ́rọ́tù, ó dúró jẹ́ẹ́ lórí páílọ́ọ̀tì, mo ní kò sí ìṣòro. Ẹ gbọ́, dídúró jẹ́ẹ́ yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa méènì jẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe yí tọ́rọ́tù báyìí, ó fò! Ó fúyẹ́, ó mú ṣáṣá, kò wúkọ́ rárá. Bí mo bá fi tọ́rọ́tù sílẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀ lókè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Agbára ni mo pe ìyẹn. Àṣé ẹ́ńjìnnì tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wú ikọ́ díẹ̀, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ń nu ọwọ́ wọn lọ.

Lálẹ́, ọgbọ́n mìíràn tún gùn mí. Mo ní níwọ̀n bí mo ti máa sá a gan-an lọ́la, kí n fi ọ́ìlì kún epo rẹ̀ kó lè dáàbò bò ó. Ìwọ̀n epo 32 sí ọ́ìlì 1 ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ di 20 sí 1. Ẹ wò ó dáadáa. Àpapọ̀ epo àti ọ́ìlì tó ń gba ihò jẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ sí i, ọ́ìlì ló wá gba àyè epo nínú rẹ̀. Epo tó ń dé inú ẹ́ńjìnnì tún dín kù. Oògùn tí mo lò fún un ni mo fi dá kún àìsàn rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n.

Ilẹ̀ mọ́, òtútù mú. Oòrùn kò tíì yọ. Afẹ́fẹ́ tútù kì í fẹ́lẹ́ bí ti ọ̀sán: ó ki, ọ́síjìn inú rẹ̀ pọ̀. Àdàlù tó gbẹ lọ́sàn-án àná, ó ti gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ yẹn. Ẹ kà á: ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí mo là, ọ́ìlì tí mo fi kún un, òtútù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fà á sí apá kan náà, kò sí ẹyọ kan tó fà á padà.

Mo gba ojú ọ̀nà tó gùn, tó sì tọ́, gíà kẹfà, tọ́rọ́tù dé òpin. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọrin. Nígbà tí mo dé ìparí, mo pa tọ́rọ́tù dé lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè yà. Ẹ rántí pé nínú two-stroke, inú epo ni ọ́ìlì ti ń bọ̀. Bẹ́ ẹ bá pa tọ́rọ́tù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń sáré burúkú, ẹ ti pa ọ́ìlì rẹ̀ náà. Mo gbọ́ "kíìn" kékeré kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Táyà ẹ̀yìn dúró gbọin, ó ń wọ́ lórí iyẹ̀pẹ̀. Kí n tó fa kílọ́ọ̀ṣì láti já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, mo ti wà nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi ti yẹ̀, awọ orúnkún mi ti wà lórí òkúta.

A ṣí i. Púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo funfun bí ẹfun, àmì àdàlù tó gbẹ. Alumíníọ̀mù písítìn ti yọ́ mọ́ ògiri sílíńdà níhà ibi tí èéfín ń gbà jáde, àwọn ríńgì ti há sínú kòtò wọn. Ọ̀gá wa gbé e sókè, wọ́n yí i wò, wọ́n ní, "Àná ni mo ti mọ̀."

Àná! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àwọn náà ni wọ́n máa ń sọ fún wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọwọ́ mi rántí ni. Ọwọ́ mi rántí lóòótọ́, ó ń rántí nígbàkígbà tí òtútù bá mú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ohun tí mo mọ̀ láyé iṣẹ́ yìí, púpọ̀ rẹ̀ ọwọ́ wọn ni mo ti rí i, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ni mi ò tíì gbé kúrò lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo mọ́ yín, tẹ́ ẹ fi ń sọ lẹ́yìn mi pé ẹ̀gbọ́n ti ń kanra jù. Ẹ máa sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí mo tún un ṣe, mo kọ́kọ́ wo bóyá afẹ́fẹ́ ń jò gba ọrùn rọ́bà kábúrétọ̀ àti àwọn síìlì, òrùka rọ́bà ìdí kíráǹkì, torí jẹ́ẹ̀tì kankan kò lè tún ihò tí kò yẹ kó wà ṣe. Mo dá ọ́ìlì padà sí 32 sí 1. Mo wá gbé méènì jẹ́ẹ̀tì 180 sí i, tó pọ̀ jù ní mímọ̀ọ́mọ̀. Ó wúkọ́, ó ń tu èéfín, ó lọ́ra bí ìgbín. Mo sá a lójú ọ̀nà tó tọ́ pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì tuntun, tọ́rọ́tù dé òpin, mo pa iná ẹ́ńjìnnì, mo sì fa kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi páílọ́ọ̀tì gùn ún padà wálé kẹ́ ẹ tó wò ó o. Àwọ̀ páílọ́ọ̀tì lẹ máa rí, ẹ ó sì pè é ní ti méènì. Púlọ́ọ̀gì tèmi dúdú, ó tutù fún epo. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 178, àwọ̀ rẹ̀ wá dà bí igi gbígbẹ. Mo fi í síbẹ̀.

Ọmọ tí mo ń sọ yìí kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá lọ́ra ńkọ́?" Mo gbé písítìn orí tábìlì lé e lọ́wọ́. Ó yí i, ó fi èékánná họ ibi tó yọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Jẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju tirẹ̀ lọ ní nọ́ńbà mẹ́ta la gbé sí i láàárọ̀ yìí. Ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé ó ń wúkọ́ lókè, pé ojú ń ti òun láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Mo ní kó jẹ́ kó máa wúkọ́, kó mú púlọ́ọ̀gì wá lọ́la.