Bàtà Bọ̀dá Lórí Òkè Èze

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ bàtà tí wọ́n yá mi yìí yẹ̀wò, kẹ́ ẹ sọ bóyá mo jẹ̀bi, torí nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa, èmi ni gbogbo wọn ń bá wí.

Faransé la lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, ló ṣètò ẹ̀ láti London, èmi, Àǹtí mi, àwọn ìbejì wọn, àti Màmá wa tó wá kí wa láti Ìdànrè. Nice la dé sí. A ò tíì tú ẹrù tí Bọ̀dá ti ń sọ̀rọ̀ Èze. Èze yìí, abúlé ayé àtijọ́ ni, àárín Nice àti Monaco ló wà, téńté orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 400 mítà, ilé olókùúta tó fún mọ́ra, ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ò lè gbà. Bọ́ọ̀sì wà o! Bọ́ọ̀sì tó ń gbéèyàn láti Nice, tó máa já ẹ sílẹ̀ lẹ́nu abúlé, wàá ya fọ́tò, wàá ra lófínńdà, wàá padà sílé. Àǹtí mi àti àwọn ìbejì ní bọ́ọ̀sì làwọn máa wọ̀. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n.

Bọ̀dá ní rárá, pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà létí òkun nísàlẹ̀, Èze-sur-Mer, tó gba àárín àfonífojì gùn dé abúlé. Orúkọ Nietzsche ni wọ́n fi sọ ọ̀nà yẹn, ọ̀mọ̀ràn ará Jámánì onírunmú ńlá yẹn, torí Nice ló ti máa ń lo ìgbà òtútù ẹ̀ láàárín 1883 sí 1888, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tóun ti ń làágùn lórí òkè Èze lapá pàtàkì kan nínú ìwé òun ti wá sóun lọ́kàn. Bọ̀dá wá na ìka sókè. "Àbúrò, òkè téèyàn ti rí ọgbọ́n, ṣé bọ́ọ̀sì la máa fi gùn ún?"

Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ò wá ọgbọ́n wá o."

Mo ní kánfáàsì mi, sáìsì 46, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bọ̀dá wò ó, ó ṣu ẹnu, ó ní á yọ̀ mí ṣubú. Ló bá fa páálí kan yọ látinú báàgì ẹ̀. Bàtà òkè gidi, aláwọ, tó wúwo, tó ní òun fi gun òkè ní Scotland nígbà tóun ṣì jẹ́ àpọ́n. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, àwọn ìbejì ti ń múra iléèwé girama. Inú páálí ni bàtà yẹn wà látìgbà yẹn, kò ní ìdọ̀tí, kò ní àbùkù, Bọ̀dá fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ẹ̀ pàá, ó ní "wọn kì í ṣe irú èyí mọ́." Èmi náà rí i pó dáa, mo wọ̀ ọ́, mo fi kánfáàsì mi sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Màmá ní àwọn máa bá wa fẹsẹ̀ rìn. Àǹtí mi pariwo. Màmá ní, "Ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ òkè fún? Èmi tí mo ti gun òkè Ìdànrè, tó ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, kẹ́ ẹ tó dáyé?" Wọ́n we gèlè àdìrẹ kan mọ́rí nítorí oòrùn, wọ́n gbé báàgì dúdú ńlá wọn kọ́ apá, báàgì tí ò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà ńbẹ̀, a wọ rélùwéè, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ a ti débẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yẹn á tàn ẹ́ jẹ. Sìmẹ́ńtì ni, àtẹ̀gùn díẹ̀, igi díẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun. Nígbà tó yá ó wá di òkúta funfun tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, oòrùn wà lórí, ibòji ò tó nǹkan, gbogbo ibi tó o bá yà lo máa rò pé o ti dé, o ò tíì dé. Àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ wálẹ̀ ń kí wa "Bonjour", Màmá ń dá wọn lóhùn "Ẹ kú ìrìn o", wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á kọjá, Bọ̀dá ní tiẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ Nietzsche lọ láìmí, ẹ̀ẹ̀kan náà tó dákẹ́ ló jẹ́ pé omi ló ń mu.

A ti rìn dé àárín báyìí nígbà tí mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti fúyẹ́. Mo ní bóyá òkè yẹn ti ń mọ́ mi lára ni. Ẹ̀yìn mi ni mo gbọ́ tí Bọ̀dá ń bínú: "Ẹ wo pàǹtí táwọn turísì yìí sọ sójú ọ̀nà! Irú ìwà wo rèé!" Mo yíjú padà. Nǹkan dúdú kan nà gbalaja sórí òkúta. Mo gbẹ́sẹ̀ sókè. Sóòlù bàtà mi ni.

Nígbà tí mo fọwọ́ kan ibi tó ti já, fóòmù àárín ẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi. (Nígbà tá a dé London, ẹni tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wa ṣàlàyé pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń jẹ fóòmù yẹn díẹ̀díẹ̀ bó ti ń pẹ́ sí i, bó o wọ̀ ọ́ bó ò wọ̀ ọ́, pé inú páálí gan-an ló ti máa ń kú láìsẹ́ni tó mọ̀.) Kí n tó jókòó, tòsì náà ti ya ẹnu bí ọ̀nì.

Ẹ gbọ́ nǹkan tí Bọ̀dá sọ: "Bó o ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni ò dáa, o ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀."

Màmá ò bá a jiyàn. Wọ́n tú gèlè lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gba ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọ́n sì fi gèlè gbá a jọ pẹ̀lú sóòlù, wọ́n so ó lórí ẹsẹ̀ ní kókó ńlá kan bí ẹni ń múra òde. Tòsì wá ku okùn. Kámẹ́rà Bọ̀dá ní okùn. Bọ̀dá ní ó ti o, okùn olówó iyebíye ni. Màmá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn wò ó. Ó tú u.

Báyìí la ṣe dé òkè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá lọ̀nà yẹn máa ń já sí, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n wọ funfun, wọ́n ń mu wáìnì, èmi wá yọ sí wọn láàárín igbó, pàá, pàá, pàá, lórí òkúta tí wọ́n fi tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan dá mi dúró, ó ní aṣọ ẹsẹ̀ mi dára, ó bèèrè bóyá òun lè ya fọ́tò. Kí n tó lanu, Bọ̀dá ti dá a lóhùn pé àṣà wa ni. Obìnrin yẹn ya fọ́tò, ó tún ní kí n yí ẹsẹ̀ díẹ̀.

Àǹtí mi ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà tó wà lórí téńté, ọgbà ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún láti oríṣiríṣi ilẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949 sórí àwókù ilé ìṣọ́ kan tí Ọba Louis Kẹrìnlá ní kí wọ́n wó ní 1706. Ibẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́, tó o bá wo ìsàlẹ̀, òkun ló máa ń wò ẹ́ padà. Màmá wo àwókù yẹn, wọ́n wo ọ̀nà tá a gbà wá, wọ́n ní "Ogun làwọn yìí náà sá fún, ta ló ń fi ayọ̀ gbé orí àpáta?" Ibi tá a ti ń gba ọ̀rọ̀ yẹn rò, láàárín ẹ̀gún yẹn gan-an, ni okùn kámẹ́rà já. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi rin yòókù. Ìbejì àgbà ń fi fóònù ká mi sílẹ̀, àbúrò ẹ̀ ń bá mi yọ ẹ̀gún.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù títí. Lófínńdà wà, ọṣẹ wà, àwòrán òkun wà. Bàtà tí wọ́n rí fún mi, tobìnrin ni, ìka mi méjì ló wọ̀ ọ́.

Bọ́ọ̀sì la gbà sọ̀kalẹ̀, Bọ̀dá náà wọ̀ ọ́. Kò tíì rìn jìnnà tí Màmá ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn, ni wọ́n bá ṣí báàgì dúdú yẹn, wọ́n fa sílípáàsì méjì yọ, gbàǹgbà báyìí, ti Bàbá wa tí wọ́n fi ń wọ balùwẹ̀. Mo tì í bọ ẹsẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí.

Mo ní, "Màmá! Látàárọ̀ ni sílípáàsì yìí ti wà ńbẹ̀?"

"Ó wà ńbẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò mú un jáde fún mi?"

Wọ́n wo ojú fèrèsé. "Ta ló bi mí?"