Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Jíjò Ọ́ìlì àti Omi Lára Land Cruiser Àtijọ́

Ẹni tó bá ní Land Cruiser 80, irú èyí tí Toyota gbé jáde ní 1990, kò ní ṣàì bá ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn rọ́bà àti síìlì inú rẹ̀ ti dàgbà, ooru ẹ́ńjìnnì ti mú wọn gan, ọ̀nà oko sì ti gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Láti ìgbà tí mo ti ń wa tèmi ní ọ̀nà oko Òkè-Ògùn ni mo ti rí i pé bí àbàwọ́n tó wà nílẹ̀ ṣe tóbi tó kọ́ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Irú ohun tó ń jò, ibi tó ti ń jò, àti bí ó ṣe ń yára dín kù nínú ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Ọkọ̀ lè da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó tún gbé yín délé láyọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀nba bíréèkì fúlúìdì tí kò kún ṣíbí lè fa jàǹbá.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́, tí mo sì máa ń sàmì sí ibi tí táyà iwájú wà lára páálí náà, kí n lè mọ apá ibi tí nǹkan ti kán nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Mo máa ń fọwọ́ kàn án, mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ a máa dúdú. Gíà ọ́ìlì inú differential, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín àksù, nípọn, òórùn imí ọjọ́ sì wà lára rẹ̀ tí kò ṣeé ṣì mú. ATF pupa ni, ṣùgbọ́n òun náà ni à ń lò fún pọ́ńpù sitẹrin àti fún gíà ọ́tòmátíìkì, nítorí náà ibi tó kán sí ni yóò ṣàlàyé ara rẹ̀: bó bá jẹ́ iwájú, nítòsí táyà, ẹ fura sí sitẹrin, bó bá jẹ́ àárín ọkọ̀, gíà ni. Omi nìkan ló máa ń tan ènìyàn jẹ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń bu omi lásán sínú rédíétọ̀, tí omi AC àti omi rédíétọ̀ á wá jọra. Bí ẹ kò bá tan AC rárá lọ́jọ́ náà tí omi sì ṣì wà nílẹ̀, ẹ ṣí rédíétọ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá.

Pẹtiróòlù àti bíréèkì fúlúìdì kò ní àròyé: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ̀ pé bíréèkì fúlúìdì a máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí páàdì bá ṣe ń jẹ, láìjẹ́ pé ó ń jò. Bí páàdì bá ṣì nípọn tí fúlúìdì sì ń lọ sílẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì wo ibi tí ẹsẹ̀ bíréèkì wà nínú ọkọ̀.

Omi rédíétọ̀ ló tẹ̀lé e. Lára ẹ́ńjìnnì 1FZ-FE, èyí tó jẹ́ 4.5 lítà, rọ́bà kúkúrú kan wà lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, èyí tó ń gbé omi gbígbóná lọ sí hítà. Ojú kì í tó o, ọwọ́ pàápàá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí rẹ̀ títí yóò fi bẹ́, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná kọjá ààlà láàárín igbó. Díńgí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì ni mo fi máa ń wò ó. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà tiẹ̀ gbẹ táútáú.

Ní ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ má gba ibi tó ń kán gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti ń jò. Ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì ń ṣàn lọ, atẹ́gùn ojú ọ̀nà sì tún ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan ti sọ fún mi rí pé kí a sọ gíà kalẹ̀, kí a pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ọ́ìlì ń kán níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti pàdé. Mo ní kí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. A fi ọ̀rá wé dísítíríbútọ̀, a fi kárósíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí ọlọ́jọ́ pípẹ́ kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa, a wá da páúdà funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a wà á lọ tí a sì wà á bọ̀, ìlà dúdú kan ti là nínú páúdà náà, abẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí yẹn nìkan ni a pààrọ̀, kò sí ìdí láti fọwọ́ kan gíà. Kí ẹ tó pààrọ̀ síìlì ẹ́ńjìnnì kankan, ẹ tún yọ fáàfù PCV, èyí tí atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, kí ẹ mì í létí. Bí kò bá dún, ó ti dí, atẹ́gùn tí kò ríbi jáde sì lè máa ti ọ́ìlì gba ara síìlì tuntun náà jáde.

Ibi tó ká mi lára jù ni àksù iwájú, lẹ́yìn táyà, níbi tí irin roboto ńlá nì wà. Gíríìsì ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, gíà ọ́ìlì sì yẹ kó dúró sínú differential. Síìlì kan ló pààlà sáàárín wọn. Bí síìlì náà bá ti kú, ọ́ìlì yóò wọ inú gíríìsì, gíríìsì yóò ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, yóò sì máa yọ jáde lára irin náà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á nù ún, wọ́n á ki gíríìsì tuntun, wọ́n á ní ó tán. Kò tán, nítorí pé ọ́ìlì differential ń dín kù láìsí ẹni tó ń wò ó, jọ́ìǹtì inú rẹ̀ kò sì ní ààbò tó yẹ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì inú àti fẹ́ẹ̀lì ìta tó ń nu ara irin roboto náà, kí wọ́n sì yẹ irin tí síìlì jókòó lé wò. Bí irin náà bá ti jẹ, síìlì tuntun kò ní pẹ́ kó tó jò. Tòkúnbọ̀ dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n n kò ní ra síìlì tòkúnbọ̀ láé, ìbáà ṣe ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹ sì ní kí wọ́n fọ ihò tí àksù fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, tí àksù gbígbóná sì wọ odò tútù, omi ni yóò fà wọlé gba ara síìlì, ọ́ìlì inú rẹ̀ yóò sì funfun bí ẹ bá ṣí i.

Àwọn kan tiẹ̀ ń jò tí ilẹ̀ kò ní mọ̀. Síìlì tó wà láàárín gíà ọ́tòmátíìkì àti transfer, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ẹ̀yìn, lè jẹ́ kí ohun tó wà nínú ọ̀kan wọ inú èkejì, tí ọ̀kan yóò dín tí èkejì yóò sì kún àkúnjù. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni mo máa ń wo méjèèjì.

Gbogbo ohun tó ń jò kọ́ ni mo ń tú. Bọ́ọ̀kìsì sitẹrin tèmi ń làágùn, ó pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣàn rẹ̀ kì í sì í dé ilẹ̀. Mo ń nù ún, mo ń wo àmì ara agolo rẹ̀ kí n tó lọ sóko, mo sì ń gbé ATF sẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ju bó ṣe ń béèrè tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí sitẹrin bá ń kùn nígbà tí mo bá ń yí i, ìgbà náà ni n óò gbé e lọ fún títú.