Èmi àti àpò ìrẹsì

Àbúrò mi obìnrin ní Ọ̀fà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ná pọ́n-ùn, kí ni ìnáwó jẹ́ lójú yín?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Lóòótọ́, pọ́n-ùn kan tí kò tó 600 náírà ní báńkì nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀ ti kọjá 1,500 kí 2024 tó dé ìdajì, nítorí pé oṣù kẹfà 2023 ni ìjọba Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa dá iye lé e. Ṣùgbọ́n kí owó tí mo fi ránṣẹ́ tó dé Ọjà Ọ̀wọ́dé, ìrẹsì àti òróró ti sáré ṣáájú rẹ̀. Ti iná mànàmáná àti epo, ta ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn rẹ̀ fún?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ogun Ukraine sọ gáàsì di ọ̀wọ́n ní 2022, ìjọba sì fi gbèdéke sí owó iná ará ìlú. Ìjọba tiwa yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 2023. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni pé ìjọba tí ó lè fi owó orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ gbèsè kò rí bí èyí tí gbèsè dọ́là wà lọ́rùn rẹ̀.

Ti ẹnubodè ni ó ń ká mi lára jù. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì òkèèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní oṣù kejìlá 2020. Níbí, ènìyàn ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú àjọ Yúróòpù tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò lè wọlé fàlàlà mọ́, ilé ìtọ́jú arúgbó kò rí ènìyàn gbà, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún irú wa ní oṣù kejì 2022. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ má mú ìyàwó tàbí ọmọ dání. (Àpò ìrẹsì kò kúkú ní ìyàwó.) Oṣù karùn-ún ọdún náà ni èmi dé. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìwé òfin jìjàkadì?

Ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo ń wẹ̀ fún bàbá kan tí ó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Bí mo ti ń nu omi láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ tèmi ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó jẹ́ pé inú fóònù ni ó ti mọ̀ mí jù. Àwọn kan ní kí n padà sílé, pé ojúkòkòrò ni ó dá mi dúró síbí. Mo ti ṣírò rẹ̀: owó oṣù tí mo ń gbà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní Ìlọrin kò lè san owó ilé-ìwé ọmọ yìí lónìí, nítorí náà kì í ṣe ojúkòkòrò ni ó dá mi dúró. Mo ṣe àlàyé yìí fún àbúrò mi, ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n ṣáà má gbàgbé owó ìrẹsì Iléyá.