Epo pupa kọ́ ni ẹni tí èéfín dá kú ń fẹ́

Ní Tánkẹ́ ní ìlú Ìlọrin, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fún mọ́ra wọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa ènìyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí ni pé ẹni tí èéfín náà kò pa lè ti ọwọ́ àwọn tó ń ṣàájò rẹ̀ kó òtútù àyà, bí wọ́n bá rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu pé kó fi lé èéfín náà jáde.

Kábọ̀n mọnọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ burúkú inú èéfín náà tó ń pani, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Inú èédú tí a gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́ náà ló ti ń jáde. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ìlọ́po 200 ti ọ́síjìn lọ. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní ọdún 1895, John Scott Haldane ará Scotland fa á símú fúnra rẹ̀, títí tí kò fi lè rìn gúnrégé mọ́. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, lẹ́yìn náà ni ènìyàn á dákú.

Níbi tí èébì àti dídákú ti pàdé ni ewu kejì wà. Bí nǹkan bá ṣìnà sí ọ̀nà èémí ẹni tí ojú rẹ̀ dá, ikọ́ ni yóò lé e jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dákú kò lè wúkọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun inú ikùn lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọdún 1946, Curtis Mendelson, dókítà agbẹ̀bí ní New York, fi ehoro ṣe ìdánwò, ó sì rí i pé kíkan tí oje ikùn kan ló ń bó ẹ̀dọ̀fóró; nígbà tó pa kíkan náà, ìpalára rẹ̀ dínkù púpọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí mi: inú ẹ̀jẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí wà, kì í ṣe inú ikùn, nítorí náà epo pupa tàbí mílíìkì kò lè lé e. Epo tilẹ̀ burú jù, torí ó lè yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró láìfa ikọ́, kò sì ń tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé onítọ̀hún síta, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ìdajì afẹ́fẹ́ burúkú náà fi ń kúrò lára. Pẹ̀lú ojúlówó ọ́síjìn, kì í sábà tó wákàtí méjì.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kò tó gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tó gbé kábọ̀n mọnọ́ksáìdì. Bí ẹ bá sì ti fún un ní epo kí ẹ tó gbé e dé, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà, nítorí fọ́tò àyà ọjọ́ àkọ́kọ́ lè mọ́ nígbà tí òtútù àyà ṣì ń bọ̀.