“Wọn Kò Kọ́ Wa” Yàtọ̀ sí “Kò Sí Nínú Sílábọ́ọ̀sì”

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdánwò àṣekágbá ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìbéèrè tí ó bá kọjá ibi tí sílábọ́ọ̀sì dé. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé mo wà lára àwọn tí ó jà lórí irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní SS3 ní Kubwa. A jàre níbì kan, a sì jẹ̀bi níbòmíràn.

Oṣù Kẹta ni, oòrùn Àbújá ń ta bí iná, a sì ń ṣe ìdánwò mọ́ọ̀kì kẹ́mísírì kí ti WAEC tó dé. Ìbéèrè kẹta ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì oníná kan tí wọ́n fi síǹkì àti bàbà ṣe. Apá kìíní ní kí a ṣírò agbára iná rẹ̀, èyí kò sì ṣòro fún wa: a mú 0.34 ti bàbà, a yọ òdì 0.76 ti síǹkì kúrò nínú rẹ̀, ó di 1.10 fóòtì. Apá kejì ni ẹsẹ̀ ti kọ̀. Wọ́n ní síǹkì tí ó wà nínú omi jẹ́ 0.10 móólù (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye nǹkan nínú kẹ́mísírì) nínú lítà kan, ti bàbà jẹ́ 0.010, kí a wá sọ iye fóòtì tí yóò jáde báyìí. Ẹni tí yóò ṣe ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ mọ ìlànà tí wọ́n ń fi orúkọ Walther Nernst pè, onímọ̀ ará Jámánì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1920 nínú kẹ́mísírì. Yunifásítì ni mo dé kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.07 fóòtì.

Ọmọ Kàbà kan jókòó níwájú mi, ẹni tí ó mọ kẹ́mísírì ju gbogbo wa lọ. Mo rí i tí ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, tí ó tẹjú mọ́ ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, tí ó wá fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí gbogbo ohun tí ó ti kọ sí ìbéèrè kẹta, títí kan 1.10 tí ó ti rí gbà. Títí di òní, èyí ni ó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Apá kọ̀ọ̀kan ni ó ní máàkì tirẹ̀, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú apá kejì gba ohun tí ẹ ti rí gbà ní apá kìíní lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí a jáde, a kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ariwo sì gba gbogbo ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti fi ìbéèrè karùn-ún kún un. Ìyẹn dá lórí iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní potassium nitrate: wọ́n ní gíráàmù 110 rẹ̀ ni ó ń yọ́ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù omi bí omi náà bá gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gíráàmù 32 péré ni ó sì ń yọ́ bí ó bá tutù sí 20, kí a wá sọ iye tí yóò padà di èérún bí omi náà bá ti ń tutù. “Èyí náà kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì!” ni ó wí, gbogbo wa sì hó yèè.

A kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sọ́dọ̀ igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyá kan tí ó jẹ́ ará Ìlọrin. Àwa ọmọ Yorùbá kúnlẹ̀ kí wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó jẹ́ Haúsá àti Gbagyi náà tẹrí ba. Wọ́n fetí sí wa títí a fi sọ tẹnu wa tán, wọ́n sì bi wá léèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó ti fojú kan sílábọ́ọ̀sì ọ̀hún rí nínú yín?” Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Ogójì ènìyàn ń jà nítorí ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣí rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a dá owó jọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Kubwa. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọ̀wọ́ méjì ni ìwé náà pín sí: ti apá òsì ń sọ àkòrí, ti apá ọ̀tún ń sọ bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀ tó. Àṣìṣe púpọ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ka apá òsì nìkan. Mo tún rí i pé, níwọ̀n ìgbà tí WAEC ń ṣe ìdánwò fún orílẹ̀-èdè márùn-ún, ibì kan wà nínú sílábọ́ọ̀sì kẹ́mísírì tí ó jẹ́ ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ibì kan sì wà tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ Gánà nìkan. NECO tí ó wà ní Minna àti JAMB tí ó wà ní Bwari náà ní tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà, kí ẹ tó jiyàn, ẹ mọ ìdánwò tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

A rí sẹ́ẹ̀lì oníná nínú ìwé náà, a kò rí ìlànà Nernst. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí ó ń yọ́ nínú omi wà níbẹ̀ gbangba, pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé olùkọ́ wa ti àtijọ́ kúrò nígbà tí a wà ní SS2, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì kọjá kí òmíràn tó dé. Kò sí ẹni tí ó padà sí àkòrí náà. Ẹ̀hónú gidi ni ìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tí ó ṣètò ìbéèrè. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó jẹ wá ní gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, a kọ lẹ́tà tuntun. A tọ́ka sí apá kejì ìbéèrè kẹta, a kọ ojú ìwé sílábọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a yọ ìbéèrè karùn-ún kúrò nínú ẹ̀sùn, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ wa ní ohun tí a kò kọ́. Olùkọ́ wa kò bínú. Wọ́n yọ apá kejì náà kúrò nínú máàkì gbogbo wa, ìbéèrè karùn-ún dúró bí ó ṣe wà, odo ni mo sì gbà níbẹ̀. Ní Sátidé méjì tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ́ wa ní àkòrí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: a yọ 32 kúrò nínú 110, ó ku 78.

Bí ó bá jẹ́ inú gbọ̀ngàn WAEC gan-an ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má bá ẹni tí ó ń ṣọ́ yín jiyàn, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó kọ ìbéèrè. Ẹ dáhùn ibi tí ẹ mọ̀, ẹ há nọ́ńbà ìbéèrè náà sórí, kí ẹ sì sọ fún ilé ẹ̀kọ́ yín bí ẹ bá ti jáde.

Ní báyìí tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Gwagwalada, sílábọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ máa ń fún olúkúlùkù, pé kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo àkòrí tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan mú tirẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, àkòrí mẹ́rin ni kò ní àmì, a sì ti bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́.