Kí a tó fi sed pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì Yorùbá

Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, níhìn-ín ní Àbújá, wà ní ìkáwọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ti di fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a ti kọ ọ́ kò dọ́gba. Àwọn àgbà tó ṣe akọ̀wé nígbà kan rí kọ "aiye", "enia", "yio" àti "nwọn" bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé, àwọn tó gbà á lọ́wọ́ wọn sì ń kọ "ayé", "ènìyàn", "yóò" àti "wọ́n", ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá ìlànà yìí mu, kí ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ kan lè rí i níbi gbogbo tó wà. Irinṣẹ́ tí mo ń lò ni sed, àṣẹ kan tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, èyí tí Lee McMahon kọ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1973 sí 1974. Ó ti wà lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) tẹ́lẹ̀, kò gba owó, kò sì jẹ dátà.

Bí a bá tẹ `sed 's/aiye/ayé/g' ipade.txt`, sed á ka fáìlì náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì fi "ayé" rọ́pò "aiye". Bí kò bá sí `g` yẹn, èyí àkọ́kọ́ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan ni yóò pààrọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà lásán ni àbájáde rẹ̀ máa ń hàn sí, a kò tíì fọwọ́ kan fáìlì. Ìgbà tí a bá fi `-i.bak` kún un ni yóò wọ inú fáìlì lọ, tí yóò sì tọ́jú ti àtijọ́ pamọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tún lo `-i.bak` lẹ́ẹ̀kejì, ti àkọ́kọ́ tó tọ́jú ti pòórá nìyẹn, nítorí náà ni mo ṣe máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo fóldà náà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ Yorùbá mọ̀ dájú ni pé sed kò rí lẹ́tà bí ojú wa ti ń rí i. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan, ló ń rí. Kóòdù kan wà fún ẹ, òmíràn wà fún é, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kan á gbé lẹ́tà ẹ sílẹ̀, á sì fi àmì ohùn tẹ̀ lé e. Òmíràn á gbé lẹ́tà é sílẹ̀, á sì fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e. Òmíràn á kọ e lásán, á wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ lọ́dọ̀ sed, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. O lè wá "ẹgbẹ́" nínú fáìlì tó kún fún ẹgbẹ́ kí o má rí ẹyọ kan, sed kò sì ní sọ fún ọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Òdì kejì rẹ̀ tilẹ̀ burú jù. Ká ní mo kọ `s/owo/owó/g` láti fi àmì sórí owó tí akọ̀wé kan kò fi àmì sí. Bí ó bá jẹ́ pé o àti àmì òkè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú fáìlì, "owó" tó ti pé tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "owo", nítorí náà sed á mú un, àmì méjì á sì gun ara wọn lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní àbùkù kankan.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a kọ́kọ́ sọ àmì di ọ̀kan kí a tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, nítorí náà èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ yí padà pẹ̀lú `sed -i.bak 's/\xCC\xA9/\xCC\xA3/g' ipade.txt`; `\xCC\xA9` ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ìlà kékeré náà, `\xCC\xA3` ló sì fi ń tọ́jú àmì tóótó. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lo uconv, àṣẹ tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà kan di ọ̀kan: `uconv -f utf-8 -t utf-8 -x any-nfc ipade.txt > ipade2.txt`. Gbogbo oríṣi ẹ́ á wá di ẹ pẹ̀lú àmì òkè lẹ́yìn rẹ̀, é àti ó náà á sì di kóòdù kọ̀ọ̀kan. Lórí Ubuntu, oríṣi Linux kan, inú àkójọ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ icu-devtools ni uconv wà.

Àkámọ́ `[ ]`, tó ń sọ fún sed pé kó mú èyíkéyìí nínú àwọn lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, náà gba ìṣọ́ra. `s/aiy[eé]/ayé/g` ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí UTF-8 (ìlànà tó ń fi báìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́jú kóòdù kọ̀ọ̀kan), èyí tí àṣẹ `locale` á fi hàn wá. Bí ó bá wà lórí C, ìyẹn ètò tó ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, sed á gé lẹ́tà é, tó jẹ́ báìtì méjì, sí méjì, á mú ìdajì rẹ̀ lọ, ìdajì tó ṣẹ́kù á sì di ìdọ̀tí nínú fáìlì. Ní ti ẹ́, kò yẹ kó wọ inú àkámọ́ rárá, nítorí kóòdù méjì ni; `\(ẹ́\|ẹ\)` ni kí a kọ.

Mo kó àwọn òfin mi sínú fáìlì kan, mo sì ń fi `sed -f` pè é, ṣùgbọ́n mi ò fi "Aiye" tó ní lẹ́tà ńlá sí i. Ọ̀pọ̀ ìdílé àti ìlú ló ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ títí di òní, kò sì tọ́ kí n yí orúkọ olórúkọ padà nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. `grep -n 'Aiye' ipade2.txt` ni mo fi ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ orúkọ, mo fi í sílẹ̀; èyí tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lásán, mo máa ń dárúkọ ìlà rẹ̀ fún sed, bí àpẹẹrẹ `sed -i '48s/Aiye/Ayé/' ipade2.txt`.